Ìwé-ẹ̀rí ìbuwọ́lù-fúnra-ẹni lórí sáfà wẹ́ẹ̀bù

Ìwé-ẹ̀rí ìbuwọ́lù-fúnra-ẹni ni ìwé-ẹ̀rí ààbò tí ẹni tí ó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó bá a jẹ́rìí sí i. Orúkọ ẹni tí a kọ ìwé náà fún àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí (tí ẹni tí ó ni ín nìkan ń tọ́jú) tí ó bá kọ́kọ́rọ́ gbangba inú rẹ̀ (tí ẹnikẹ́ni lè rí) mu ni a sì fi ń buwọ́ lù ú. Àwọn tí ń kọ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù máa ń fi dán HTTPS (ọ̀nà ààbò tí a fi ń wọ ojúlé) wò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ó sì wọ́pọ̀ lórí ráútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti sáfà abẹ́lé tí ará ìta kì í dé.

Ìlànà X.509, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1988, ni ó sọ bí ìwé-ẹ̀rí náà ṣe gbọ́dọ̀ rí, ìlànà yìí kan náà sì ni àwọn ìwé-ẹ̀rí tí à ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àdììtú (ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò lè kà) tí èyí tí a ṣe fúnra wa ń mú wá kò lágbára tó ti ilé-iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. TLS, ìlànà tí HTTPS ń lò, ni ó ń yí ọ̀rọ̀ sí àdììtú, bí ó sì ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀, ẹni yòówù kí ó buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀rí pé sáfà tí ó ń dáhùn ni sáfà tí a ń wá gan-an ni kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró sáàárín ọ̀nà lè ṣe ìwé-ẹ̀rí mìíràn tí ó ní orúkọ kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, aṣàwákiri (browser) kò sì ní mọ èwo ni ojúlówó.

Ìwé-ẹ̀rí gbòǹgbò ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá (èyí tí ìbuwọ́lù wọn lórí àwọn yòókù ti ń bẹ̀rẹ̀) pàápàá, ìbuwọ́lù-fúnra-ẹni ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó wà lókè wọn tí yóò buwọ́ lù wọ́n. Ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ ni pé wọ́n ti wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí aṣàwákiri kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Nítorí náà, ọ̀nà tí ìwé-ẹ̀rí gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò gbà á gbọ́ ṣe pàtàkì ju ṣíṣe rẹ̀ lọ.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le. OpenSSL, tí ó ti wà láti ọdún 1998, ni irinṣẹ́ tí a mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, àṣẹ kan ṣoṣo sì tó:

openssl req -x509 -newkey rsa:4096 -sha256 -days 365 -nodes -keyout safa.key -out safa.crt -subj "/CN=example.com" -addext "subjectAltName=DNS:example.com"

Bí a bá yọ -x509 kúrò, ìwé ìbéèrè tí a fi ń tọrọ ìbuwọ́lù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni yóò jáde. Bí a kò bá kọ -days, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ìwé-ẹ̀rí yóò lò. Ohun tí -nodes ń ṣe ni pé kò ní sí ọ̀rọ̀ aṣínà lórí kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kí sáfà lè dìde fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Láti inú ẹ̀dà 1.1.1 ti OpenSSL, tí ó jáde ní 2018, ni -addext ti wà.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni subjectAltName, àyè tí a ń kọ orúkọ ojúlé sí nínú ìwé-ẹ̀rí. Láyé àtijọ́, inú CN (Common Name, àyè mìíràn nínú ìwé-ẹ̀rí) nìkan ni a máa ń kọ orúkọ ojúlé sí. Láti ọdún 2000 ni ìwé RFC 2818, tí ó ṣàlàyé HTTPS, ti sọ pé kí a fi àṣà yẹn sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 2017, Chrome 58 kò wo CN mọ́ rárá. Síbẹ̀, àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ kò tíì tán nílẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ̀ lé wọn yóò rí i pé aṣàwákiri ṣì ń kọ ìwé-ẹ̀rí náà lẹ́yìn tí òun ti fi ọwọ́ ara òun gbé e sínú àwọn tí ó gbà gbọ́. Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì IP ni a fi ń dé ọ̀dọ̀ sáfà, IP: ni a ó kọ síwájú rẹ̀. DNS: kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi chmod 600 ti fáìlì kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Nínú Apache, ètò sáfà wẹ́ẹ̀bù kan, SSLCertificateFile àti SSLCertificateKeyFile ni a fi ń tọ́ka sí fáìlì méjèèjì. Nínú nginx, ètò mìíràn irú rẹ̀, ssl_certificate àti ssl_certificate_key ni. Pọ́ọ̀tù 443 ni HTTPS máa ń gbà.

Ìkìlọ̀ ni aṣàwákiri yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Ti Chrome ni NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID. Ewu tòótọ́ wà nínú kí a máa tẹ bọ́tìnì kọjá ìkìlọ̀ yìí lójoojúmọ́, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ́ lára kò ní fura lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá wà láàárín. Ojúlé tí ó bá sì ń lo HSTS (àṣẹ tí ó ní kí aṣàwákiri máa lo HTTPS nìkan) kò ní gbà kí a tẹ nǹkan kan kọjá. Ohun tí ó bójú mu ni kí a fi openssl x509 -in safa.crt -noout -fingerprint -sha256 wo ìtẹ̀ka ìwé-ẹ̀rí (àmì kúkúrú tí a fi ń dá a mọ̀) lórí sáfà fúnra rẹ̀, kí a fi wé èyí tí aṣàwákiri fi hàn, kí a tó gbé e sínú àwọn tí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́. Lórí Debian (irú Linux kan), inú /usr/local/share/ca-certificates ni a ń gbé e sí, lẹ́yìn náà a ó pe update-ca-certificates. Firefox ní àkójọ tirẹ̀, nítorí náà a lè ní láti gbé e síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò kéde pé irú ìwé-ẹ̀rí yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ àṣírí bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ní láti yọ ìwé-ẹ̀rí náà kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ó ti gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí rèé tí kò fi yẹ ojúlé tí gbogbo ayé ń wọ̀, pàápàá láti ìgbà tí Let's Encrypt, ọ̀kan lára àwọn tí ń buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìparí 2015. Ṣùgbọ́n Let's Encrypt kì í fún localhost tàbí àdírẹ́sì abẹ́lé bíi 192.168.1.10 ní ìwé-ẹ̀rí, nítorí kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè fi hàn pé òun ni ó ni wọ́n.