Eegun Rírù ni Kí Ẹ Pè É

Níbí ní Òṣogbo, bí ọ̀rọ̀ ọsitiopórósíìsì, àìsàn tó ń mú kí eegun tètè kán, bá délẹ̀ lórí rédíò, ẹnì kan á ní làkúrègbé ni, ẹlòmíràn á ní eegun rírọ̀. Méjèèjì kò tọ́. Oríkèé ni làkúrègbé ń bá jà. Eegun rírọ̀ ni ti ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ nítorí pé fítámì D kò tó lára rẹ̀. Eegun tí à ń sọ yìí kì í rọ̀, kíkán ló ń kán. "Eegun jíjẹrà" tí àwọn kan ń kọ ló burú jù, torí á jẹ́ kí èèyàn máa wá ọyún níbi tí kò sí ọyún.

Eegun rírù ni mo ń pè é. Bí àìsàn bá na èèyàn mọ́lẹ̀, a máa ń ní ó rù kan eegun. Nínú àìsàn yìí, eegun gan-an ló ń rù. Ìrísí rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ inú rẹ̀ ti ń ṣófo, débi pé bí ìyá àgbà bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí lè kán. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń túmọ̀ ìwé bá mi jiyàn pé ẹrù ni wọ́n ń rù. Ta ló gbọ́ pé aláìsàn rù, tó wá ń bi í léèrè ẹrù? Ohun tó rù ṣe é tọ́jú. Èyí tó jẹrà, dídànù ló kù fún un.

Ẹ wo ilé alámọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe láìsinmi. Àwọn kan ń ha ògiri tó ti gbó dànù, àwọn kan ń rẹ́ tuntun sí i. Báyìí ni ara ń ṣe eegun. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró pátá, àwọn tó ń ha á á yára ju àwọn tó ń rẹ́ ẹ lọ. Kálísíọ́mù ni amọ̀. Fítámì D ló ń gbà á wọlé láti inú ìfun. Àmọ́ òkìtì amọ̀ lójúde kò dá ọwọ́ ẹni tó ń ha ògiri dúró.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí wọ́n bá ń ta kálísíọ́mù l'Ọ́jà Ọba ní "oògùn eegun". Oúnjẹ ni, ìbáà jẹ́ wàrà, ìbáà jẹ́ ẹja ṣàwá tí a rún teegunteegun, ìbáà jẹ́ hóró funfun inú ike. Obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún nílò bíi 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́, èyí tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ sì wà nínú iye náà. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti rù débi pé ó ń kán nílò oògùn tí dókítà kọ.

Alendronate ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fúnni, hóró 70 mílígíráàmù kan lọ́sẹ̀. Òun ló ń dá ọwọ́ àwọn tó ń ha ògiri dúró. Láàárọ̀, kí ìyá tó fi nǹkan kan ẹnu, ife omi lásán ni kó fi gbé e mì. Tíì kò sí níbẹ̀, ẹ̀kọ mímu kò sí níbẹ̀. Kó jókòó tàbí kó dúró fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó má jẹun, kó má dùbúlẹ̀, torí bí hóró náà bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, á dá egbò síbẹ̀. Kálísíọ́mù tirẹ̀ di ìgbà mìíràn lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, kálísíọ́mù ò ní jẹ́ kí oògùn wọ ara.

Ẹni tí kò lè jókòó tó bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ zoledronic acid wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ti denosumab, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni, ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, torí eegun ẹ̀yìn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kán léraléra.