Pùrótéènì àti àmínò ásíìdì: ohun tí ara ń wá nínú oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí a bá jẹ ẹran, ẹran náà ló ń di ẹran ara wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pùrótéènì inú oúnjẹ kì í dé inú iṣan wa ní odindi. Ara á kọ́kọ́ tú u palẹ̀, á kó ohun tó tú jáde nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ìgbà yẹn ni á tó fi wọ́n to pùrótéènì tirẹ̀, irú èyí tó nílò lásìkò náà. Ohun tó tú jáde yẹn là ń pè ní àmínò ásíìdì. Òun gan-an ni ara ń wá kiri nínú oúnjẹ wa.

Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Àmínò ásíìdì ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pùrótéènì sì ni odindi ohun tí wọ́n sín. Oríṣi 20 ni ara ń fi sín pùrótéènì rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe tẹ̀ lé ara wọn ló ń sọ iṣẹ́ tí pùrótéènì náà máa ṣe. Ínsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ju àmínò ásíìdì 51 lọ. Hemoglobin, tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri inú ara, ní 574. Irun, èékánná, iṣan, èròjà tó ń bá kòkòrò àrùn jà, énsáìmù tó ń da oúnjẹ nínú ikùn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn 20 yìí náà ni gbogbo wọn.

Ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Okùn mẹ́rin ló para pọ̀ di hemoglobin kan, méjì nínú wọn ló ń jẹ́ beta. Ní ipò kẹfà lórí beta, àmínò ásíìdì tó ń jẹ́ glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òmíràn tó ń jẹ́ valine ló bọ́ síbẹ̀, tí ọmọ sì jogún irú beta bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, àwọn hemoglobin á máa lẹ̀ mọ́ra wọn nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí róbótó á wá tẹ̀ bíi dòjé. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Gbogbo ìrora tí àwọn tó ní in ń fara dà, àyípadà ẹyọ kan ní ipò kan ló bí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Vernon Ingram, ló fi hàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1956 sí 1957. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń fà á o, kò sì sí oúnjẹ tó lè yí i padà, nítorí inú DNA tí a jogún ni àṣẹ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn ti ń wá. Ohun tí oúnjẹ ń ṣe ni pé ó ń pèsè ìlẹ̀kẹ̀. Ara ló ń sín in.

Báwo ni ara ṣe ń tú okùn náà? Iná ìdáná ti máa ń bá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ wo ẹyin tí a fọ́ sínú páànù: funfun ẹyin tó ṣì ń dán gbinrin bí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti etí, á sì dì. Iná kò já okùn pùrótéènì inú rẹ̀. Ó kàn tú u kúrò nínú bó ṣe ká jọ ni, àwọn okùn tó ti tú wá lọ́ mọ́ra wọn. Tó bá dé ikùn, ásíìdì ibẹ̀ á tún tú u sí i, énsáìmù tó ń jẹ́ pepsin á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Inú ìfun kékeré ni iṣẹ́ náà ti ń parí, tí àmínò ásíìdì á wá wọ inú ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń rí pùrótéènì gbà nínú ẹyin tí a sè ju inú ẹyin tútù lọ fíìfíì. Àwọn tó ń mu ẹyin tútù torí kí iṣan wọn lè yọ ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣòfò.

Nínú àwọn 20 yẹn, ara lè fúnra rẹ̀ ṣe 11. Mẹ́sàn-án tó kù, àfi kó bá oúnjẹ wọlé: histidine, isoleucine, leucine, lysine, methionine, phenylalanine, threonine, tryptophan àti valine. William Rose, ní yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ńlá lórí èyí. Ó fún àwọn eku ní gbogbo àmínò ásíìdì tí wọ́n ti mọ̀ nígbà náà dípò pùrótéènì, síbẹ̀ wọn kò dàgbà, ńṣe ni wọ́n ń rù. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ṣì kù nínú pùrótéènì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Threonine ni nǹkan náà jẹ́, wọ́n sì rí i ní 1935. Ìyẹn wú mi lórí gan-an, pé àìdàgbà eku ló tọ́ka sí ohun tí ojú kò tíì rí. Nígbà tó yá, ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn, èyí tí kò ṣeé yọ sì hàn: oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́, ó sì ń rẹ̀ wọ́n.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwo oúnjẹ wa. Tí oríṣi kan bá tán, sísín á dúró, bí èyí tó kù tilẹ̀ pọ̀ jaburata. Ẹyin, wàrà, ẹja àti ẹran ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ìwọ̀n tó bá wa mu. Ọkà bí ìrẹsì àti àgbàdo kò ní lysine tó. Ẹ̀wà ní lysine dáadáa, methionine ló ṣọ̀wọ́n nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ méjèèjì, èyí tí ọ̀kan kò ní tó, èkejì á dí i. Kò pọn dandan kí wọ́n wà nínú àwo kan náà, tí a bá ti jẹ wọ́n láàárín ọjọ́ kan, ó ti tó.

Ara kò ní ibi tó ń kó pùrótéènì pamọ́ sí bó ṣe ń kó ọ̀rá pamọ́. Àgbàlagbà ń tú nǹkan bíi gíráàmù 250 sí 300 pùrótéènì ara rẹ̀ lójoojúmọ́, á sì tún òmíràn tò. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ló ń padà lò, àmọ́ díẹ̀ máa ń ṣòfò, oúnjẹ ló sì ń dípò rẹ̀. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, àjọ WHO fi í sí gíráàmù 0.83 lójúmọ́ fún kílò kan ìwúwo ara. Ẹni tó bá wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi 50. Gíráàmù 50 pùrótéènì ni mo wí o, kì í ṣe gíráàmù 50 ẹran, torí omi ló pọ̀ jù nínú ẹran. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà. Aláboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn àti ọmọ tó ń dàgbà nílò ju ti ẹlòmíràn lọ.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ara ti lo tirẹ̀ kì í sọ ara rẹ̀ di iṣan. Ẹ̀dọ̀ á yọ nàítírójìn inú rẹ̀ kúrò, á sọ ọ́ di yúríà, kíndìnrín á sì tọ̀ ọ́ dànù. Ara á fi ìyókù dáná tàbí kó sọ ọ́ di ọ̀rá. Bákan náà ni ẹni tí kò bá rí oúnjẹ tó ń fúnni lágbára jẹ tó, pùrótéènì tó ń jẹ ni ara á fi dáná, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.

Torí yúríà yìí ni dókítà fi sábà máa ń dín pùrótéènì kù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Tó bá wá di pé ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àṣẹ náà á yí padà, wọ́n á ní kó máa jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń kó àmínò ásíìdì mọ́ ìdọ̀tí jáde.