Ewé, kòkòrò àti Bíbélì: bí ìṣẹ̀dá ṣe ń di ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún ọmọ tó ń kàwé nílé

Ní ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ìyá tàbí bàbá ni tíṣà, ọ̀sán kan máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń pa gbogbo ìwé dé. Wọ́n á wọ bàtà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ìwé tí kò nílà àti pẹ́ńsù dání, ó di inú igbó tàbí etí odò. Ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè lè rò pé eré ni wọ́n ń lọ ṣe. Ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀kọ́ Bíbélì sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ Bíbélì kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí.

Òfin fàyè gbà wọ́n. Láti 1993 ni kíkọ́ ọmọ nílé ti bófin mu ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń béèrè lọ́wọ́ òbí yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní Jámánì, ẹni tó bá dán an wò lè fojú winá òfin.

Ẹni tí púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Charlotte Mason ni, obìnrin ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1842, tó sì kú ní 1923. Ní 1892 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ambleside, ìlú kékeré kan ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn obìnrin tó fẹ́ máa kọ́ ọmọdé. Ó ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 má tíì jókòó ti ìwé. Kó wà níta fún wákàtí 4, 5, àní 6, ní gbogbo ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára díẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá mọ òjò apá ibẹ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwé tí ọmọ ń ya ewé àti ẹyẹ sí, ti ọmọ ni. Òbí kì í máàkì rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí dàgbà ju Mason lọ. Nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Belgium kọ ní 1561, wọ́n ní ọ̀nà méjì la fi ń mọ Ọlọ́run: èkíní ni ohun tó dá, tó wà níwájú wa bí ìwé tó rẹwà, èkejì ni Ìwé Mímọ́. Sáàmù 19 ti sọ ọ́ ṣáájú pé àwọn ọ̀run ń sọ̀rọ̀ ògo Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ yìí ní ibi tó mọ. Igi lè sọ pé Ẹlẹ́dàá lágbára, kò lè sọ pé Jésù kú fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí òbí fi ń ka méjèèjì pọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni kíka ìwé àkọ́kọ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ ká mú ewé kan: milkweed, tó máa ń sun oje funfun bíi wàrà tí wọ́n bá já a. Ọmọ yí ewé náà padà, ó rí ẹyin labalábá ẹyọ kan ṣoṣo tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá kọjá, kòkòrò jáde, ó kọ́kọ́ jẹ èèpo ẹyin tó ti jáde, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ewé. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, á ti bọ́ awọ léraléra, ara rẹ̀ á nílà funfun, ofeefee àti dúdú. Ó wá forí dorí kodò, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja, ó bọ́ awọ tó kẹ́yìn, ó sì di ohun aláwọ̀ ewé tó ní àmì wíńníwínní bíi góòlù lára. Ní gbogbo àkókò yìí, iṣẹ́ òbí ni pé kó dákẹ́. Ó lè bi ọmọ pé, "Kí lo rí?" kó sì dúró gbọ́ èsì. Jésù fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n wo àwọn ẹyẹ, kí wọ́n kíyè sí lílì; wíwò ló fi bẹ̀rẹ̀.

Òbí tó bá sáré wàásù ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀pọ̀ á nawọ́ sí ohun tó rọ̀ lórí ewé yẹn, wọ́n á ní, "Ó ti kú, yóò jíǹde bíi Jésù." Ọmọ tó ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó ti fọwọ́ kàn án, ó sì rí i tó mira. Kò kú rárá. Ẹ̀wà tí wọ́n gbìn sínú ago sún mọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa àjíǹde ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ á rí i pé ẹ̀wà tó rì mọ́lẹ̀ bó láwọ, ó rọ, ó sì rún dànù, bẹ́ẹ̀ ohun tó jáde kò jọ ọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, labalábá kì í jáde. Ìdin funfun ló máa jábọ́, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí eṣinṣin kan ti yé ẹyin sára kòkòrò náà tipẹ́, ọmọ eṣinṣin sì ti jẹ ẹ́ tán láti inú. Ọmọ á sunkún. Lójú tèmi, ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí labalábá na ìyẹ́ lọ. Òbí tó ti sọ fún ọmọ pé gbogbo ohun tó wà nínú igbó ló ń rẹ́rìn-ín kò ní rí nǹkan sọ. Èyí tó mọ Bíbélì ní Sáàmù 104 lọ́wọ́, níbi tí kìnnìún ti ń bú fún ẹran pípa tó sì ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tún ní Róòmù 8, tó ní gbogbo ìṣẹ̀dá ń kérora. Kò ní dáhùn gbogbo ìbéèrè ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní parọ́ fún un.

Èèrà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òwe 6 ní kí ọ̀lẹ lọ wo bó ṣe ń kó oúnjẹ jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, torí èèrà ọ̀dọ̀ tiwọn kì í tọ́jú ọkà, títí Moggridge, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi tẹ ohun tó rí ní gúúsù Faransé jáde ní 1873: èèrà tó ń kó irúgbìn sí àká abẹ́ ilẹ̀. Èèrà etí Òkun Mẹditaréníà ni Sólómọ́nì mọ̀. Ẹni tó bá lọ ń wá àká lọ́dọ̀ ìjàlọ ilẹ̀ wa á tàn ọmọ rẹ̀ jẹ, torí ìjàlọ ń ṣí kiri ni, ó sì máa bu onítọ̀hún jẹ pẹ̀lú.

Ọmọ á dàgbà, á wá béèrè ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé. Ibẹ̀ ni àwọn ìdílé wọ̀nyí ti ń pínyà: àwọn kan ní ọjọ́ mẹ́fà géérégé ni Ọlọ́run fi dá a, àwọn mìíràn gbà pé ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún.

Òbí tó wà nílé níhìn-ín tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kò nílò milkweed. Ẹbí rẹ̀ ni bọmubọmu, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Ìbátan labalábá Amẹ́ríkà yẹn, aláwọ̀ ọsàn tó ní dúdú létí ìyẹ́, máa ń yé sí i. Kí ẹ rọra yí ewé náà padà, kí oje rẹ̀ má ta sójú ọmọ. Ó máa ń ṣe ojú níjàǹbá.