Iná Ti Lọ, Kí Ló Tún Ń Di Ẹ̀rọ Yìí Mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ẹnìkejì mi ra ẹ̀rọ agéṣọ tòkunbọ̀ kan sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìtòkú. Orí rẹ̀ tó ń sáré lọ sáré bọ̀ kò ní bẹ́líìtì, òòfà ni wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, mo fọwọ́ tì í, ó ń há, ó tún ń fò. A fi gíríìsì sí i, pàbó ló já sí.

Ìdáhùn: Gíríìsì ò lè ràn án. Ká ní ìdọ̀tí ni, ńṣe ni ì bá kàn máa dá ọwọ́ yín dúró. Ìdọ̀tí kì í ti nǹkan síwájú. Èyí tó há tán tó tún fò síwájú fúnra rẹ̀, òòfà ló ń fà á.

Mọ́tò yín dà bí mọ́tò olóòfà tó ń yí bírí, tí wọ́n wá là, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Òòfà wà nísàlẹ̀, irin eléyín tó so mọ́ orí ẹ̀rọ wà lókè, wáyà wà láàárín eyín. Iná wà o, iná ò sí o, òòfà ò ní yé fa irin. Ibi tí eyín bá ti bá òòfà ṣe déédéé ló máa ń fẹ́ dúró sí. Òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní cogging.

Ìbéèrè: Ṣé irú mọ́tò yìí ló ń wa rélùwéè tó ń dúró ní Laderin l'Abẹ́òkúta?

Ìdáhùn: Rárá, dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn ń lò. Rélùwéè olóòfà (maglev) ti Shanghai ní China ló ń lo mọ́tò títẹ́, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ni wọ́n to wáyà sí.

Ìbéèrè: Báwo ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò yìí ṣe ń dín fífà náà kù?

Ìdáhùn: Ibi méjì ni wàhálà ti ń wá. Àkọ́kọ́ ni ìpẹ̀kun. Mọ́tò tó ń yí kò níbi tó parí sí, ṣùgbọ́n irin tiyín ní orí, ó ní ìdí, òòfà sì ń fa méjèèjì. Wọ́n á wá gígùn irin náà sí ìwọ̀n tó jẹ́ pé bí òòfà bá ń fa orí síwájú, ó ń fa ìdí sẹ́yìn, kí fífà méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Àwọn mìíràn ń gé eyín ìpẹ̀kun ní dídagun.

Èkejì ni eyín. Bí eyín 3 bá kọjú sí òòfà 2, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò há láti àárín òòfà kan dé àárín èkejì. Bó bá jẹ́ eyín 9 sí òòfà 8, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni, àmọ́ ìkọ̀ọ̀kan á fúyẹ́ débi pé ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún lè to òòfà ní dídagun, ṣùgbọ́n ìyẹn ń jẹ díẹ̀ nínú agbára tí mọ́tò fi ń ti nǹkan. Lójú tèmi, iye eyín ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Mọ́tò mìíràn ò tiẹ̀ ní irin nínú wáyà rẹ̀ rárá: kì í há, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré, ó sì máa ń tètè gbóná.

Kí ẹ lè mọ tiyín, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù sí ẹ̀gbẹ́ irin, kí ẹ fi báírò sàmì síbi tí orí ẹ̀rọ bá ti dúró fúnra rẹ̀. Bí àmì kan sí èkejì bá tó àárín òòfà kan sí àárín èkejì, ìpẹ̀kun ni. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, eyín ni.

Ìbéèrè: Ṣé ká tú u, ká fọwọ́ ara wa to òòfà náà ní dídagun?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò o! Agbára tí òòfà fi ń fa irin náà mọ́ra ju èyí tó fi ń tì í lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìka tó bá bọ́ sáàárín wọn á rún, òòfà fúnra rẹ̀ á sì fọ́ bí àwo. Ẹ wo inú kọ́ńtírólà, ìyẹn ohun tó ń darí mọ́tò, dípò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó lè rọra wọ́ orí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí wọ́n kọ ibi tó ń há sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi iná kún un tàbí dín in kù níbẹ̀. Bí tiyín ò bá ní in, ẹ má jẹ́ kó máa rọra gé. Bó bá ń sáré díẹ̀, ìwúwo orí náà á gbé e kọjá.