Bí Àwọn Alààyè Ṣe Wọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Orúkọ tí a fún mùsíọ́mù ní èdè Yorùbá ló yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni a ń pè é, ìyẹn ilé tí a ń kó ohun tó ti wà láti ayébáyé pamọ́ sí: adé ọba tó ti wàjà, ìkòkò tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀, ère tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ́. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá dé ìlú ńlá lóde òní, ó lè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí ẹni tó ṣe é ṣì wà láàyè, tó tilẹ̀ lè máa rìn kiri láàárín àwọn òǹwòran lọ́jọ́ náà. Bí ilé àwọn ohun àtijọ́ ṣe wá di ilé tó ń gba iṣẹ́ àwọn alààyè lálejò ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìrìn tí à ń fi ìrọ̀rùn rìn láti yàrá kan sí èkejì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, ìjà gidi ni wọ́n fi gbà á.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1793, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí àwọn ará Paris gba agbára lọ́wọ́ ọba, ìjọba tuntun ilẹ̀ Faransé ṣí ààfin Louvre sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn àwòrán tó jẹ́ pé ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn àlùfáà ni wọ́n sábà máa ń rí wọn tẹ́lẹ̀ di ohun tí alágbẹ̀dẹ àti alágbàfọ̀ lè wọlé wò láìsan owó. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń kà nígbà náà, ọjọ́ mẹ́ta péré nínú rẹ̀ sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará ìlú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ ti àwọn ayàwòrán, tí wọ́n máa ń gbé àga àti ọ̀dà wọn wá láti fi iṣẹ́ àwọn àgbà kọ́ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ayàwòrán alààyè jẹ́ nínú ilé náà. Ìlànà tó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹni tó ṣì ń mí kò ní bá ti àwọn àgbà gbé orí ògiri Louvre. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ohun tí àwọn aláṣẹ Louvre gbà gbọ́ gan-an sì nìyẹn: wọ́n ní àsìkò nìkan ló lè ya iṣẹ́ tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ayé kàn ń sáré tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ìjọba ń ra àwòrán lọ́wọ́ àwọn alààyè lọ́dọọdún, wọ́n sì ní láti wá ibi tí wọn yóò gbé e kọ́. Ní ọdún 1818, lábẹ́ Ọba Louis Kejìdínlógún, wọ́n ṣí mùsíọ́mù kan sínú ààfin Luxembourg, ní apá kejì odò tó la Paris kọjá, fún iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wà láàyè nìkan. Ilé yìí ni mo ka sí ìyá gbogbo ilé iṣẹ́ ọnà òde òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Bí oníṣẹ́ ọnà bá kú, wọn a dúró fún bí ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà wọn a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: èyí tí wọ́n bá kà sí ohun iyebíye a lọ sí Louvre, èyí tí wọn kò bá kà sí a lọ sí ìgbèríko tàbí inú àjà.

Àwòrán kan wà tí ìrìn àjò rẹ̀ fi bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Édouard Manet ló yà á, Olympia ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn láìwọṣọ, ó ń wo ojú ẹni tó ń wò ó láìmira; obìnrin dúdú kan tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé òdòdó dání lẹ́yìn ibùsùn, ológbò dúdú sì nàró síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ níbi ìpàtẹ ńlá Paris ní ọdún 1865, inú bí àwọn ènìyàn débi pé wọ́n ní láti fi ẹ̀ṣọ́ sí i, wọ́n sì padà gbé e lọ sókè gan-an lórí ẹnu ọ̀nà kan, níbi tí ọwọ́ àti ọ̀pá kò ti lè dé. Ọdún 1883 ni Manet kú, àwòrán náà sì ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá ń lọ pé ará Amẹ́ríkà kan fẹ́ rà á lọ, Claude Monet, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dìde, ó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ó ń gba owó jọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kó nǹkan bí 20,000 fráǹkì jọ fún opó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé àwòrán náà fún ìjọba ní ọdún 1890, Luxembourg gbà á, ó sì di ọdún 1907 kí ó tó wọ Louvre. Ọdún méjìlélógójì ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá gún fi rìn kí wọ́n tó gbé e sọ́dọ̀ àwọn àgbà.

Ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Gustave Caillebotte kú ní ọdún 1894. Ayàwòrán ni òun náà, ó sì lówó lọ́wọ́, ó ti ń ra iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó yà sí wọn: Monet, Renoir, Pissarro, Degas, Cézanne. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ kó o sí àjà tàbí ìgbèríko. Luxembourg ni kí wọ́n kó o sí, lẹ́yìn náà Louvre. Àwọn àgbà ayàwòrán ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fárí gá, wọ́n ní ìtìjú orílẹ̀-èdè ni. Nǹkan bí 40 ni ìjọba gbà nígbẹ̀yìn, wọ́n sì fi hàn fún àwọn ará ìlú ní ọdún 1897. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí èyí tí wọ́n kọ̀.

Ìbéèrè tí Luxembourg kò dáhùn ni bí ó ṣe yẹ kí a to iṣẹ́ tuntun sójú òǹwòran. Bí wọ́n ṣe ń to ti àtijọ́ ni wọ́n ń to tirẹ̀ náà, ìkan lórí ìkan. Jámánì ni ẹnìkan ti gbìyànjú ohun mìíràn. Alexander Dorner, tó ń darí mùsíọ́mù kan nílùú Hannover, pe El Lissitzky, oníṣẹ́ ọnà kan láti Rọ́ṣíà, wá, ó ní kó ṣe yàrá kan fún àwọn àwòrán tí kò ya ènìyàn tàbí igi, tó jẹ́ ìlà àti àwọ̀ nìkan. Láàárín ọdún 1927 sí 1928, Lissitzky to irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara ògiri lóòró. Ó kun ẹ̀gbẹ́ kan ní funfun, ẹ̀gbẹ́ kejì ní dúdú, ògiri tó wà lẹ́yìn wọn sì jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí ènìyàn bá wọlé láti ìhà kan, ògiri funfun ló ń wò. Bó bá dúró gangan níwájú rẹ̀, ó ti di eérú. Bó bá fi kọjá sí ìhà kejì, ó ti dúdú, àwòrán tó wà lórí rẹ̀ sì ti yí padà lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn pátákó kan tilẹ̀ wà tí òǹwòran lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì sókè sódò láti ṣí àwòrán kan kí ó sì bo òmíràn. Ẹsẹ̀ òǹwòran ló ń parí iṣẹ́ náà. Èmi kò tíì gbọ́ nípa yàrá kankan tó fi ọ̀wọ̀ tó báyìí hàn fún ẹni tó wá wòran.

Ní Pólàńdì, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan tí Władysław Strzemiński wà nínú rẹ̀ bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri Yúróòpù pé kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn tọrẹ, wọ́n sì kó o fún mùsíọ́mù ìlú Łódź, níbi tí wọ́n ti ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1931. Ní ọdún 1937, ìjọba Hitler ba yàrá Hannover jẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó iṣẹ́ tó tó 650 jọ láti àwọn mùsíọ́mù Jámánì sí ìlú Munich, wọ́n gbé e kọ́ ní wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí ara ògiri, wọ́n sì pe àwọn ènìyàn wá láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó wọlé lọ wò ó.

Lákòókò yìí, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní New York. Obìnrin mẹ́ta, Abby Aldrich Rockefeller, Lillie P. Bliss àti Mary Quinn Sullivan, pinnu láti dá mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1929, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọjà owó ìdókòwò Amẹ́ríkà dojú dé. Inú yàrá mélòó kan tí wọ́n háyà ní àjà kejìlá ilé ọ́fíìsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Alfred Barr, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Ọdún kan náà ni Gertrude Vanderbilt Whitney fẹ́ fi iṣẹ́ tó lé ní 500 láti ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ta Metropolitan Museum, mùsíọ́mù ńlá ìlú New York, lọ́rẹ, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ló mú kí òun náà dá mùsíọ́mù tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí á fara balẹ̀ wo àwọn tí Barr fi ṣílẹ̀kùn: Cézanne, Gauguin, Seurat àti Van Gogh. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú, ẹni tó kú gbẹ̀yìn nínú wọn sì ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nínú ilẹ̀. Ọwọ́ òkú ni ilé ìgbàlódé ṣì ń dì mú wọlé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bí Barr ṣe to wọn. Ó ta aṣọ tí kò ní ọnà kankan lára bo ògiri, ó gbé àwòrán kọ́ ní ọ̀wọ́ kan ṣoṣo níbi tí ojú ènìyàn mọ, ó fi àyè tó pọ̀ sáàárín wọn, ó sì kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tó yá, aṣọ náà di ọ̀dà funfun, bẹ́ẹ̀ ni ìṣesí tí a mọ̀ lónìí ṣe bẹ̀rẹ̀: ká rìn jẹ́jẹ́, ká dúró níwájú ohun kan ṣoṣo, ká ka ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká má sọ̀rọ̀ sókè.

Barr mọ̀ pé àwọn ohun tó wà lọ́wọ́ òun yóò gbó. Ní ọdún 1933, ó fi àkójọ mùsíọ́mù náà wé ohun ìjà tí ọkọ̀ ogun máa ń yìn gba inú omi lọ: imú rẹ̀ ni òde òní tó ń tẹ̀ síwájú ṣáá, ìrù rẹ̀ sì ni nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí imú bá ń lọ, ìrù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ohun tó ti gbó sì bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1947, wọ́n bá Metropolitan Museum ṣe àdéhùn láti máa kó àwọn iṣẹ́ tó ti dàgbà fún wọn, gẹ́gẹ́ bí Luxembourg ti ń ṣe fún Louvre. Àdéhùn náà kò pé ọdún mẹ́wàá kó tó fọ́. Ní ọdún 1953 wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì pinnu láti tọ́jú ti àtijọ́ wọn títí. Ta ni yóò fẹ́ jẹ́ kí Van Gogh lọ? Mo lóye wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ilé ìgbàlódé gbà láti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pátápátá, ó sì di dandan kí ilé mìíràn wà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní Boston, àwọn kan ti rí i ṣáájú: ní ọdún 1948 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìgbàlódé kúrò nínú orúkọ ilé wọn, wọ́n fi òde òní rọ́pò rẹ̀, nítorí pé lójú wọn, ìgbàlódé ti di orúkọ àsìkò kan tó ti ń kọjá lọ.

Láti ìgbà náà, irú ilé yìí tàn ká ayé. Centre Pompidou ṣí ní Paris ní ọdún 1977, ó gbé àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ sí ara ògiri ìta kí gbogbo ìlú lè máa wo àwọn tó ń gòkè. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé lójú tèmi ni Tate Modern, tó ṣí ní Lọ́ńdọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 nínú ilé iṣẹ́ amúnáwá kan tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 1981. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ jáde, wọ́n sì fi gbọ̀ngàn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gùn ní mítà 155, ó sì ga ní mítà 35. Oníṣẹ́ ọnà kan ni wọ́n ń fún lẹ́ẹ̀kan, fún oṣù mélòó kan.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, Olafur Eliasson gbé oòrùn ńlá kan tó fi iná ṣe síbi ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn náà, ó fi dígí bo gbogbo òkè rẹ̀, ó sì fẹ́ ìkùukùu sínú afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn ènìyàn ohun tí wọn yóò ṣe. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ni, wọ́n ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń wá ara wọn nínú dígí tó jìnnà sí wọn bí ojú ọ̀run. Ní oṣù Kẹta ọdún 2004, wọ́n tú oòrùn náà palẹ̀. Nígbà tí gbọ̀ngàn náà tún ṣí fún Bruce Nauman ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, kò sí ohun kankan láti wò níbẹ̀: ohùn ènìyàn nìkan ló ń jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn tó wá wòran sì ń rìn láàárín wọn, wọ́n ń tẹ́tí.