Oyin Ló Ń Tan Iná: Bí Ère Ilé Oyin ní Kew Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

The Hive ni wọ́n ń pe ère ńlá kan nínú ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Wolfgang Buttress ló gbé e kalẹ̀ fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Mílàn lọ́dún 2015. Nígbà tó di 2016, wọ́n tò ó sí Kew. Gíga rẹ̀ tó mítà 17, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 40, ègé alumíníọ́mù tí wọ́n fi hun ún sì tó 170,000. Èèyàn lè wọ inú rẹ̀ lọ kó gbójú sókè wo nǹkan bí 1,000 iná LED. Kò sẹ́ni tó jókòó ti bọ́tìnnì iná wọ̀nyí. Kòkòrò oyin ló ń tàn wọ́n.

Ilé oyin gidi kan wà nínú ọgbà náà tí wọ́n ki accelerometer sí, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ tí nǹkan bá gbọ̀n. Oyin kò ní etí bíi tiwa. Tí ọ̀kan bá ń jó lórí afárá oyin, afárá náà á gbọ̀n, ẹsẹ̀ ni àwọn yòókù sì fi ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà á sọ gbígbọ̀n yẹn di iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà á sì fi í gbé ìmọ́lẹ̀ àti orin inú ère sókè tàbí kó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Bí oyin bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, iná á mọ́ yòò. Bí òtútù bá mú tí wọ́n ṣù mọ́ra, á ṣe bàìbàì. Àwọn àlejò tún ń fi eyín di igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú níbẹ̀: egungun àgbárí ló ń gbé ohùn oyin dé etí wọn.

Ilé ìwé lè ṣe kékeré irú ẹ̀. Piezo, pẹlẹbẹ idẹ róbótó kan, ló máa gba ipò accelerometer. Ẹ so resistor 1 MΩ, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín ìṣàn iná mànàmáná kù, mọ́ wáyà rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tó so ó mọ́ Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré kan. Láìsí resistor yẹn, iná mànàmáná á há sínú piezo, òǹkà á sì máa ṣì yín lọ́nà. Igi férémù àárín, ìyẹn igi tó di afárá mú níbi tí ọmọ oyin wà, ni kí ẹ lẹ piezo mọ́. Tó bá wà lára àpótí níta, afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn ló máa máa kà. Ẹ má fi òǹkà náà tan iná ní tààrà, torí á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì. Ìpíndọ́gba òǹkà ìṣẹ́jú àáyá 30 ló dára jù láti fi tan án. Ẹ gbé iná jìnnà sí ẹnu ilé oyin, nítorí oyin tó bá fò tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ lóru lè má padà wálé mọ́.

Ohun kan wà tí ère yìí kò lè fi hàn. Irú oyin tó wà ní Bìrìtéènì lé ní 250, ọ̀kan ṣoṣo péré nínú wọn ló ń fún àwọn ọlọ́sìn ní oyin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ló ń dá gbé inú ihò ilẹ̀. Wọn kò ní àpótí tí a lè ki ẹ̀rọ sí, wọn kò sì ní ọlọ́sìn tó máa gbèjà wọn tí òdòdó bá tán nínú pápá tàbí tí wọ́n bá fín oògùn kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí òdòdó igbó tí wọ́n gbìn yí ère náà ká fi ṣe pàtàkì tó iná orí rẹ̀: àwọn oyin tí kò ní àpótí yìí ń jẹ níbẹ̀.