Wi-Fi Kọ́ Ni Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Kọ̀ǹpútà Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Bí ẹnì kan bá lọ dúró sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tó ní wọ́n fẹ́ gbé Wi-Fi wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè máa kọ́ sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á pariwo lé e lórí pé háà, ṣé wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọmọ Yahoo sí i ni, wọ́n á kàn máa ti inú ẹ̀wọ̀n lu èèyàn ní jìbìtì. Ẹnì kẹwàá á ní kò burú o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ra dátà fún wọn? Gbogbo àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ṣìnà síbì kan náà. Wọ́n rò pé Wi-Fi ni íntánẹ́ẹ̀tì.

Wáyà tí a ò fojú rí ni Wi-Fi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo wáyà iná tó wà nínú ilé yín. BEDC lè mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wáyà yẹn ṣì wà nínú ògiri. Tẹ́ ẹ bá wá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, "I better pass my neighbour", búlúùbù á tàn, fáànù á yí, tẹlifíṣàn á máa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí iná kankan tó gba orí òpó wọlé. Ẹ lè fa wáyà sí ilé kejì kí ìyá Bọ́sẹ̀ náà fi ṣájì fóònù, kó tún fa tiẹ̀ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà níwájú, ẹ ti di NEPA àdúgbò nìyẹn. Àmọ́ kí ìyá Bọ́sẹ̀ yí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn títí di ọ̀la, iná yín ò lè gbé e dé Benin. Ibi tí wáyà mọ ni iná mọ.

Bí Wi-Fi inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe rí gan-an nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé wọlé, wọn ò fa wáyà òpó, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "wọ́n á fi lu jìbìtì" ṣe ń bí èèyàn nínú. Kì í ṣe pé wọ́n ti ilẹ̀kùn tí ọ̀daràn kan tó gbọ́n lè wá já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀ rárá, ògiri lásán ni.

Jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń jẹ́ Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kan tó ti wà lọ́jà láti 2012, tí kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ, tó sì ń lo iná folti 5 bíi ti ṣájà fóònù, pawabáǹkì lásán lè gbé e. Wọ́n á fi áàpù ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Kolibri sínú rẹ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ìdánwò, wọ́n á fi Kiwix, áàpù tó ń ṣí Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i, tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí láptọ́ọ̀pù tó wà nínú yàrá á wá fi Wi-Fi so mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀ sójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Èyí tó dùn ni bó ṣe ń wá nǹkan. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì lódindi, tòun ti àwòrán, bí 100 GB ni nínú fáìlì kan ṣoṣo (ti Yorùbá náà wà, èyí ò tiẹ̀ gba àyè rárá). Àkọlé inú rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 7. Ẹnì kan jókòó, ó tẹ "photosynthesis", kó tó ṣẹ́jú ó ti ṣí, lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ò tó ti fóònù ọwọ́ yín. Báwo? Kò kà á látòkèdélẹ̀ o. Wọ́n ti to orúkọ gbogbo àkọlé ní a-b-d, ẹ̀rọ á fò sí àárín gbùngbùn, á bi í pé ṣé ohun tí mò ń wá wà níwájú àbí lẹ́yìn, á sì ju ìdajì tí kò wúlò nù. Mílíọ̀nù 7 di mílíọ̀nù 3 ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún pín in sí méjì, ó tún pín in. Kó tó ìgbà 23 ó ti bá a. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, ìgbà 23 péré fún mílíọ̀nù 7!

Orúkọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti fún un pọ̀. Ẹ ṣí ìwé orin ìjọ yín, orin tó ní ẹsẹ mẹ́fà, ẹ máa rí i pé ègbè ò fara hàn lódindi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn ẹsẹ yòókù wọ́n á kàn kọ "Ègbè", gbogbo ìjọ á sì kọ ọ́ pé láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ tún ara rẹ̀ sọ, á kọ "ẹ padà sẹ́yìn, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ ti kà". Òǹkọ̀wé Wikipedia sì fẹ́ràn àtúnsọ ju akọrin lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á di í ní ìdì kéékèèké bí ẹ̀kọ inú ewé, ẹ̀kọ jíjẹ o, torí náà téèyàn bá fẹ́ ojú ìwé kan, ewé kan náà ni ẹ̀rọ máa tú, kò ní tú gbogbo agbọ̀n.

Tí Wikipedia bá ti gbó ńkọ́? Ẹnì kan á wa tuntun sílẹ̀ níta, bóyá pẹ̀lú dátà òru lẹ́gbẹ̀ẹ́ FUTA, á gbé e sórí háàdì dísìkì, á gun ọ̀kadà lọ, wọ́dà á yẹ̀ ẹ́ wò ní géètì. Àwọn èèyàn á máa fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: 100 GB láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ bíi mẹ́gábíìtì 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wo iye tí fóònù yín ń gbà kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín ọlọ́kadà.

Ti kódù kíkọ, ìyẹn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá, inú ẹ̀rọ tó wà níwájú ẹni ni Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kódù, ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin ní Kalifọ́níà, ètò tí wọ́n ń pè ní The Last Mile ti ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní kódù láti 2014 láìsí íntánẹ́ẹ̀tì níwájú wọn.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó, ẹnu géètì ni. Òfin 2019 ló yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí Nigerian Correctional Service, iléeṣẹ́ àtúnṣe, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́, wọ́n ń dúró de kóòtù ni. Ẹni tó bá ń dúró de kóòtù ò mọ ọjọ́ tó máa lọ. Kolibri sì ń kọ ibi tí kálukú kà dé sínú àpótí kékeré yẹn, ìyẹn Raspberry Pi, lábẹ́ orúkọ tó fi wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, adájọ́ ní kó máa lọ ilé, ta ló fẹ́ padà sẹ́yìn géètì torí álíjébírà? Àpótí méjì lè gbé àkọsílẹ̀ fún ara wọn tí wọ́n bá pàdé lórí Wi-Fi kan náà, Kolibri ní ọ̀nà ẹ̀, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra ní àárọ̀ yẹn, iṣẹ́ yìí ò sì sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ṣebí ìwé àti aṣọ ẹni ni wọ́n ń kó fúnni ní géètì, ó yẹ kí fáìlì wà lára ẹ̀.

Nígbà tó bá délé, ó lè gbé Kolibri sórí fóònù Android ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kọ́ kan náà ló máa bá níbẹ̀. Á bi í ní orúkọ, kò ní dá a mọ̀, á sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kọ́ kìíní.